Ẹ̀rín Ìyá Kúdí Lórí Pátákó Ìpolówó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Obìnrin tó tọ́ mi dàgbà ti fẹ́ máa lọ, orúkọ olè ló sì máa gbé wọ sàréè. Kì í ṣe olè. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn, lójú gbogbo èèyàn, mo sì panu mọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún àwọn tó yẹ kí n sọ ọ́ fún. Ibi tí ǹ bá ti rí wọn ti parẹ́, ẹ máa gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bú mi. Ẹ ṣì máa bú mi náà, mo mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lobìnrin náà. Ìyá Kúdí là ń pè é, torí Kúdírá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Èmi, Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń pè mí. Omi ló gbé bàbá mi lọ nígbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, ìyá mi sì lọ fẹ́ ọkọ míì. Ìyá Kúdí ló kó mi mọ́ra. Abúlé wa wà létí ọ̀sà, lọ́nà Lakowe, níbi tó jẹ́ pé ilé olówó lẹ máa bá níbẹ̀ báyìí. Ẹja ló ń yan. Ẹja yíyan yẹn ni mo fi kàwé. Tí mo bá ti ilé dé ilé ìwé gíga, tí mo ṣí àpótí mi, gbogbo yàrá á máa rùn èéfín ẹja, àwọn ọmọbìnrin tá a jọ ń gbé á wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú máa ń tì mí nígbà yẹn. Ẹ wo ohun tó ń ti èèyàn lójú!

Mo gbọ́dọ̀ sọ àṣà kan fún yín, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Létí omi wa, àwọ̀n ńlá kan wà tí ẹnì kan ò lè dá fà. Wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e yí omi ká, okùn rẹ̀ á wà lórí ilẹ̀, gbogbo abúlé á wá fà á, tọmọdé tàgbà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn, ó ní ìpín. Ì báà jẹ́ àlejò tó ń kọjá lọ, tó kàn dúró ràn wá lọ́wọ́, wọ́n á ka ẹja fún un. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n, tó na ọwọ́ kan okùn látẹ̀yìn, wọ́n á ju ẹja kékeré kan sínú agbọ̀n ìyá rẹ̀ fún un. A kì í fi ṣeré. Bàbá Aláwọ̀n, àgbàlagbà tó ń pín ẹja fún wa, máa ń sọ pé ẹni tó bá jẹ ìpín ẹni tó fa okùn, ẹja kọ́ ló jẹ, èèyàn ló jẹ.

Nígbà tí mo jáde ìwé, mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìpolówó kan ní Lẹ́kkí Phase 1. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń la márosẹ̀ náà fẹ̀, eruku á ti bo bàtà wa ká tó dé ọ́fíìsì. Ìgbà yẹn náà ni gbogbo èèyàn ń ra fóònù Ṣáínà tó lè wọ ìkànnì. Orí ìkànnì yẹn ni wọ́n ti ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta géèmù. Àwọn kan ń dáko níbẹ̀, àwọn kan ń sin màlúù níbẹ̀, ẹni tí kò sin adìyẹ rí láyé rẹ̀ á sáré kúrò nídìí oúnjẹ pé òun fẹ́ lọ fún màlúù òun lómi.

Ọ̀gá mi rí i, orí rẹ̀ wú. Ó ní ìpolówó orí rédíò, èèyàn á gbọ́ ọ, á sì gbàgbé. Àmọ́ tó bá jẹ́ géèmù ni, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọjà rẹ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta sadíìnì inú agolo wá bá wa pé àwọn fẹ́ géèmù. A jókòó yí tábìlì ká, kálukú ń sọ tẹnu rẹ̀, kò sí èyí tó dùn nínú ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé mo wà láyé. Ni mo bá la ẹnu, mo sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀n wa fún wọn. Ọ̀gá lu tábìlì, ó ní, "Ọmọ yìí, ibo lo fara pamọ́ sí látọjọ́ yìí?" Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Wọ́n ṣe géèmù náà, wọ́n pè é ní Fa Àwọ̀n. Tó o bá ṣí i, wàá rí ọ̀sà, wàá rí àwọ̀n nínú omi, wàá rí okùn lórí iyanrìn. Ìwọ nìkan ò lè fà á. Àfi kó o pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí wọ́n wá fọwọ́ kan okùn. Bí ọwọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹja á máa pọ̀ sí i, ẹja náà á sì di agolo sadíìnì lójú rẹ. Lókè téńté ni wọ́n kọ ọ́ sí: *Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn, ó ní ìpín.* Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá mi ni, mo gbé e fún wọn kí wọ́n fi ta ẹja inú agolo.

Lára ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, àwọn kan á rántí. Ẹ̀yin náà fọwọ́ kàn án. Gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án ló fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, nọ́ńbà yẹn sì ni ẹja tí wọ́n ń wá. Ẹ̀bùn kéékèèké wà, fìlà, káàdì ìpè. Ẹ̀bùn ńlá tó wà fún ẹni tí ọwọ́ pọ̀ jù lórí okùn rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tuntun kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lábúlé wa lásìkò yẹn. Àwọn tó ń fa iyanrìn ti wọ inú ọ̀sà, wọ́n ń fà á láti fi kún ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ẹ́sítéètì sí. Ẹja ti sá lọ jìnnà. Àwọn ọkùnrin á wa ọkọ̀ títí apá á fi kú, ohun tí wọ́n máa gbé dé ò ní kún igbá. Àwọn obìnrin ò rí nǹkan yan. Tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan bá wà, wọ́n á lè dé ibi tí ẹja wà. Kò sí ohun tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run jùyẹn lọ.

Kúdí ń ṣe irun ní Ajah nígbà yẹn. Òun ló kọ́kọ́ rí géèmù náà. Ó pè mí, ó ní: "Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ wa sórí fóònù o!" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún un pé èmi ni mo gbé e lọ. Òfin géèmù náà ni pé ará ilé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀bùn rẹ̀. Mo rò ó pé mo ń ṣe wọ́n lóore ni tí mo bá dákẹ́.

Àwọn ará Èkó tó kù tó ń fi ṣeré mọ̀ pé géèmù ni. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wa kóra jọ sábẹ́ àtíbàbà, Kúdí ka ọ̀rọ̀ yẹn sétígbọ̀ọ́ wọn. Bàbá Aláwọ̀n ní ẹnikẹ́ni tó bá lè fi ẹnu rẹ̀ sọ pé ẹni tó fọwọ́ kan okùn ní ìpín, onítọ̀hún ti mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ó ní èèyàn kì í fi irú rẹ̀ tan èèyàn. Ó dá wọn lójú bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Wọ́n ní kí Ìyá Kúdí di orí okùn mú, torí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i.

Wọ́n wá fà á. Ẹni tó ní fóònù fọwọ́ kàn án, ẹni tí kò ní yá ti aládùúgbò. Wọ́n pe ọmọ wọn ní Ìkòròdú, wọ́n pe èyí tó wà ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n pe èyí tó wà ní Kùtọnu. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn abúlé òdìkejì omi pé ẹ wá bá wa fà á, ẹ máa ní ìpín. Àwọn arúgbó wọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Kúdí ní Ajah, wọ́n á ní "Bísímílà", wọ́n á tẹ ìka mọ́ ojú fóònù, wọ́n á sì béèrè pé ṣé ó ti kàn án dáadáa.

Orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni mo ti ń wo orúkọ Ìyá Kúdí bó ṣe ń gòkè. Ọ̀gá ń jó. Wọ́n jẹ ẹ́ láìṣe màgòmágó kankan. Kò sí ẹni tó sún mọ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ti bà jẹ́ rèé.

Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní àwọn oní-sadíìnì ti ní àwọn ò ra ọkọ̀ kankan mọ́, pé ohun tí àwọn ń wá ti tẹ àwọn lọ́wọ́. Àmọ́ àwòrán ẹni tó jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ jáde, torí gbogbo ayé ń retí rẹ̀. Wọ́n máa háyà ọkọ̀ kan, wọ́n á ya obìnrin náà nínú rẹ̀, ó parí. Inú rẹ̀ dùn pé ẹlẹ́ja gidi ló jẹ ẹ́. Kò mọ̀ pé ìyá mi ni. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹnu mi yìí náà ni.

Lọ́jọ́ tá a máa ya àwòrán, Ìyá Kúdí wọ aṣọ Iléyá rẹ̀ wá sí èbúté tí wọ́n pè é sí. Òun nìkan ló wá, Kúdí ń ṣe irun ìyàwó lọ́jọ́ yẹn. Bó ṣe rí mi láàárín àwọn èèyàn ọ́fíìsì, ó fẹ́ pariwo orúkọ mi. Mo mi orí fún un díẹ̀. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí." Ìyá tó pọ̀n mí ló pè mí ní Àǹtí, kí n má bàa ríjà níbi iṣẹ́. Mo gbà á, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ó wọ inú ọkọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ pa igi rẹ̀, ó ń wo ẹ́ńjìnnì, ó ń tẹ ilẹ̀ rẹ̀ bóyá omi ń jò wọlé. Ayàwòrán ní, "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín." Ó ṣe ẹnu bí ẹni tó jẹ orógbó. Oòrùn ń mú, ọ̀gá ń wo aago, ó wá ṣẹ́jú sí mi pé kí n lọ bá a sọ nǹkan kan.

Mo wọ inú ọkọ̀ náà. Mo fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, mo ní, "Ìyá, tiyín ni. Tiyín ni, ti gbogbo etí omi ni. Kò ní pẹ́ dé abúlé."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni kó tó kúrò lẹ́nu mi.

Ó rẹ́rìn-ín. Áà, ẹ̀rín yẹn! Ojú rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, àlàfo eyín tó ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ hàn síta, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí Ọlọ́run. Ayàwòrán ń pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Mo sọ fún ìyá pé wọ́n fẹ́ lọ kọ orúkọ sára rẹ̀ ni. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má kọ orúkọ òun, orúkọ abúlé ni kí wọ́n kọ.

Lábúlé, wọ́n ro koríko etí omi, wọ́n ri òpó tuntun tí wọ́n máa so ọkọ̀ náà mọ́. Ìyá ń sọ pé ó ń bọ̀. Ó ń pè mí, mi ò gbé e. Tí mo bá gbé e, màá ní wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, màá tún ní kó má dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni o, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó máa ń ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi."

Kò pẹ́ ni pátákó ìpolówó dìde ní Ajah, gàgàrà, ó kọjú sí títì. Ẹ̀rín ìyá mi ló kún un láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: *Ìyá Kúdí ti gba ìpín tirẹ̀. Ìwọ ńkọ́?*

Gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan okùn ló rí i. Àwọn ará òdìkejì omi wá béèrè ìpín wọn. Ìyá ní ọkọ̀ ò tíì dé. Wọ́n ní a rí ọ nínú rẹ̀, o ń rẹ́rìn-ín, ṣé àwòrán náà ń parọ́ ni? Bàbá Aláwọ̀n ní kí wọ́n má tíì bú u, kí wọ́n pe Àbẹ̀kẹ́, torí òun ló mọ̀wé, òun ló mọ àwọn ará Lẹ́kkí. Wọn ò mọ̀ pé ọ́fíìsì wa ló ṣe géèmù náà. Wọ́n ní kí n bá àwọn wádìí.

Mo lọ ní ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n fún mi lómi tútù. Gbogbo abúlé wà níbẹ̀. Ìyá Kúdí jókòó sórí àpótí kan lọ́ọ̀ọ́kán mi, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí ọmọ rẹ̀ ti dé.

Bàbá Aláwọ̀n ní, "Àbẹ̀kẹ́, o kú ìrìn. Ilé iṣẹ́ yẹn, ṣé wọ́n gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ni, àbí wọn ò gbé e sílẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kì í ṣe pé ó dá mi láre. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí àwọn tó ń ṣe géèmù ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ní Lẹ́kkí. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní wọn ò gbé e sílẹ̀, abúlé á gbéra lọ sí ọ́fíìsì, rédíò á gbọ́, ọ̀gá á béèrè ẹni tó sọ fún wọn, wọ́n á sì mọ̀ pé ìyá mi ni. Mo rí ara mi tí mo padà sídìí ẹja yíyan. Ẹ̀rù bà mí.

Mo ní, "Bàbá, mo wádìí. Wọ́n ní àwọn ti gbé e fún ẹni tó jẹ ẹ́."

Ìyá Kúdí yíjú sí mi. Mo retí kó pariwo pé Àbẹ̀kẹ́, irọ́ lò ń pa. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá dojú bolẹ̀ kí n jẹ́wọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nìyẹn. Kò pariwo. Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí ibà bá ń ṣe mí ní kékeré. Ó wá kọjú sí Bàbá.

Ó ní, "Òótọ́ lọmọ náà sọ. Mo gbà á. Ẹ má bi í léèrè nǹkan kan mọ́."

"Ibo ló wà?"

"Mo ti tà á."

Kúdí kígbe. Igbe yẹn ṣì wà létí mi.

Wọn ò nà án, wọn ò ṣépè. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ létí omi wa. Kúdí ló sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi lórí fóònù. Ó ní nígbà tí àwọ̀n tún wọ omi, ìyá lọ bó ṣe máa ń lọ, ó fọwọ́ kan okùn. Bàbá Aláwọ̀n fi okùn sílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e fi í sílẹ̀. Gbogbo wọn fi í sílẹ̀, tọmọdé tàgbà. Àwọ̀n dẹ̀, ẹja ń jáde lọ lójú wọn, wọn ò sì mira. Ó ku ìyá nìkan tó di okùn mú. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ń lọ sílé. Ìgbà tó rìn jìnnà ni wọ́n tó gbé okùn padà.

Kò fa okùn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kúdí wá ní, "Mo mọ̀ pé torí tìẹ ló ṣe tà á. Mo mọ ibi tí owó ilé rẹ ti wá. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ràn rẹ jù mí lọ." Mo ní, "Kúdí, jẹ́ kí n ṣàlàyé." Ó já fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò pè é padà. Mo rò ó pé tó bá yá. Nígbà tí màá fi pè é, nọ́ńbà ò lọ mọ́. Wọ́n ní ó ti bá àwọn kan lọ sí Kùtọnu. Látìgbà náà, ìyá ò gbúròó ọmọ tó bí.

Mo mú ìyá wá sọ́dọ̀ mi. Kò fẹ̀sùn kàn mí rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré, à ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ó ní, "Ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá gba okùn lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Èmi ti fà á tó." Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Èmi náà ń ṣa tèmi. Mo ti fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀ tipẹ́, géèmù náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Pátákó yẹn pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Òjò ń bó o díẹ̀díẹ̀, mo máa ń dorí kodò tí mo bá ń kọjá níbẹ̀.

Ní báyìí, ìyá ti darúgbó, iyè rẹ̀ ti ń ra. Tí ọkọ̀ kan bá fọn fèrè ní géètì wa, á dìde jókòó, á ní, "Ṣé ọkọ̀ ojú omi wa ló dé yẹn?" Màá ní rárá, ìyá. Á ní kò burú, ó ń bọ̀. Kò mọ̀ mí mọ́. Kúdí ló ń pè mí. Mo ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo rí i pé ó ti ń lọ, mo ní kí n lọ sábúlé, kí n dojú bolẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè wá gbé okùn lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó kú. Mo débẹ̀, mi ò bá etí omi. Iyanrìn ni wọ́n kó dí i, wọ́n mọ ògiri yí i ká, ilé funfun ló tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Aṣọ́gbà bi mí pé ilé ta ni mò ń lọ. Mo ní mò ń wá ibi tí wọ́n ti máa ń fa àwọ̀n. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Madam, no be here o." Bàbá Aláwọ̀n ti kú. Àwọn tó kù ti fọ́n ká.

Mo rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ó ń ta ọṣẹ àti ìpara ní Ajah. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí mo ṣe dárúkọ Ìyá Kúdí, ó ní, "Ẹni tó jẹ wá yẹn?" Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ra ọṣẹ, mo lọ.

Ojo ni mí. Àmọ́ mo rò ó pé orí fóònù ni mo ti kó gbogbo wọn jọ, bóyá orí fóònù náà ni màá ti rí wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ kan okùn yẹn, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà: kò sí ọkọ̀. Kò sí ọkọ̀ rí. Ìyá Kúdí ò jẹ ìpín yín. Èmi ni. Kúdí, tó o bá ń kà á, ìyá rẹ ò tà á torí tèmi, kò rí nǹkan kan tà. Wá. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ gbá mi létí, wá gbá mi létí, àmọ́ tètè wá.

Mo fẹ́ kí ìyá ti ẹnu mi gbọ́ ọ kí n tó kọ èyí. Lọ́sàn-án àná, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ìyá, èmi kọ́ ni Kúdí. Èmi Àbẹ̀kẹ́ ni. Irọ́ ni mo pa mọ́ yín." Mo sọ gbogbo rẹ̀ pátá, mo ń sunkún.

Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó wá fẹnu sún mọ́ etí mi.

Ó ní, "Kúdí, tó o bá rí Àbẹ̀kẹ́, bá mi sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ó sì ń wò mí, ó ń dúró de èsì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?